Alágbàfọ̀ Tí Mo Kí Kú Iṣẹ́ ní Ọ̀sán Gangan

Mo mọ̀ pé irọ́ pọ̀ lẹ́nu mi. Ẹja àrọ̀ tí mo máa ń ní mo pa nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, tí mo ní ó gùn ju ilẹ̀kùn lọ, irọ́ ni. Kò gùn ju apá mi lọ. Ìyàwó mi tí mo ní ó fẹsẹ̀ lásán tẹ̀ lé mi láti Ọ̀yọ́ dé Ìbàdàn nítorí ìfẹ́, irọ́ ni ìyẹn náà. Ó wọ bàtà, mọ́tò la sì wọ̀. Mo ń jẹ́wọ́ gbogbo èyí kẹ́ ẹ lè rí i pé mo mọ ìyàtọ̀ irọ́ sí òótọ́. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi méjèèjì ló rí i, mo sì yọ awò ojú mi, mo nù ún dáadáa, kí n tó tún un wò.

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń pariwo.

Ọmọ mi obìnrin, Bùnmi, nọ́ọ̀sì ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń gbé ní Lanham níbí, ní Amẹ́ríkà. Wákàtí méjìlá méjìlá ló fi ń ṣiṣẹ́, bó bá sì wọlé, bàtà ló kọ́kọ́ máa ń bọ́, kó tó rántí pé òun ní bàbá. Ó fẹ́ràn mi. Ìfẹ́ yẹn gan-an ni wàhálà mi. Ẹ̀rù ń bà á pé n ó ṣubú sínú ilé lọ́jọ́ kan tí òun ò sí ńlé. Ló bá wá ibì kan rí, ibi tí wọ́n ti ń wá kó àwọn àgbàlagbà láàárọ̀, tí wọ́n á máa ṣọ́ wọn títí di ìrọ̀lẹ́.

Ó mú mi lọ wò ó. Ẹ gbà mí gbọ́, mo bá àwọn ọkùnrin tó ti kọ́lé, tí wọ́n ti bímọ, tí wọ́n ti sin òbí, wọ́n jókòó yí ká, wọ́n ń gbá bàlúù síra wọn. Obìnrin kan tí kò tó àbígbẹ̀yìn mi lọ́jọ́ orí ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Bàlúù dé ọ̀dọ̀ mi, mo gbá a. Ó ní, "Gúùdù jọ́ọ̀bù." Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Ohun kan ṣoṣo tó dúró sáàárín èmi àti bàlúù ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní ọjọ́ Sátidé. Délé, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ló ní bọ́ọ̀sì kékeré kan tó fi ń kó àwọn àlejò lọ wo ibojì àwọn èèyàn tí ìlú Washington ò lè gbàgbé, olókìkí rere àti olókìkí burúkú. Àwọn èèyàn yẹn pọ̀ débi pé ilẹ̀ ìlú wọn ò gbà wọ́n tán. Àwọn kan wà lọ́dọ̀ wa níbí, lẹ́yìn Cheverly, nínú itẹ́ òkú àtijọ́ kan tí àwọn igi rẹ̀ dàgbà ju àwọn ilé tó yí i ká lọ. Èmi ni dẹ́rẹ́bà wọn.

Àmọ́ lóṣù yẹn, mo fi ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì ha òpó kan. Òpó náà ni kò kúrò lọ́nà. Délé wá sọ fún Bùnmi pé bí nǹkan mìíràn bá tún ṣẹlẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, òun á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Bùnmi kún fọ́ọ̀mù ibi bàlúù yẹn tán, ó fi í sórí fíríìjì, ó ku kó buwọ́ lù ú. Ó ní, "Dádì, bí Bọ̀dá Délé bá ti gba kọ́kọ́rọ́, Mọ́ńdè la máa gbé e lọ o."

Nítorí náà, Sátidé kan ṣoṣo ló kù fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ọkùnrin kan wà, ọmọ Amẹ́ríkà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Mísítà Wọ́kà. Òun ló máa ń sọ ìtàn fún àwọn àlejò. Inú bọ́ọ̀sì ló ti máa ń sọ púpọ̀ nínú rẹ̀, bí mo bá ṣe ń wakọ̀ lọ. Bí a bá dé ibojì, òun àti wọn á sọ̀ kalẹ̀, èmi á jókòó sídìí ọkọ̀, n ó jẹ ẹ̀pà mi. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí. Èmi kì í ṣèbẹ̀wò sí ẹni tí n kò sin.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, a pàdé níbi ìgbọ́kọ̀sí kan ní Hillcrest Heights, bí a ṣe máa ń ṣe. Àlejò mọ́kànlá ti dé. Mísítà Wọ́kà dé tòun ti aṣọ òtútù lọ́rùn. Ó lanu láti kí wa, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ohùn rẹ̀ ti lọ, pátápátá.

Délé di orí mú. Ó ní kí á bẹ àwọn èèyàn, kí oníkálukú máa lọ. Mo rí bàlúù tó ń bọ̀ lójú ọ̀run. Mo ní rárá, èmi á sọ ìtàn náà.

Ó wò mí láti orí dé àtàǹpàkò. "Dádì, ẹ má bínú o. Kíláàsì mélòó lẹ kà?"

"Mẹ́rin. Ṣùgbọ́n etí mi kà dé yunifásítì."

"Ìtàn ìlú onílùú ni o."

"Délé, odidi ọdún kan ni ọkùnrin yìí ti fi ń sọ ọ́ sí mi létí. Bí mo bá sùn, òun ni mò ń gbọ́."

Délé ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn na ìka kan sókè. "Ẹnì kan, Dádì. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ṣàròyé, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mi."

Mísítà Wọ́kà fa ìwé kan yọ, ó ya bí àwọn ibojì ṣe tò fún mi, ó sì gbé maikirofóònù lé mi lọ́wọ́ bí ẹni ń gbé ọmọ fún ẹni tí kò fọkàn tán. Ni mo bá wakọ̀ lọ.

N kò ní purọ́ fún yín, mo da ìtàn wọn rú. Mo fi adájọ́ kan ṣe olè, mo sì fi olè kan tó ta ilé kan fún èèyàn méje ṣe bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan tó dé fìlà pupa, tó ti bá wa lọ lẹ́ẹ̀kan rí, ń wò mí láti inú dígí bí ẹni pé ó ń ka àṣìṣe mi. Òun ni ọkàn mi sọ pé ó máa ṣàròyé.

Ìyá àgbà kan jókòó síwájú pátápátá, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ó di ọ̀pá mú, ó dé fìlà aláwọ̀ àlùkò tí ìyẹ́ wà lára rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí: ṣé a ó dé ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀? Mo ní a ó dé ibẹ̀. Ó fi orí dáhùn, ó sì yí ojú sí fèrèsé.

Ẹ gbọ́ ìtàn alágbàfọ̀ yìí bí Mísítà Wọ́kà ṣe máa ń sọ ọ́, tí èmi náà sì sọ ọ́ fún wọn láìdà á rú, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀.

Láyé àtijọ́, nígbà tí ẹṣin ṣì ń fa ọkọ̀ ní Washington, obìnrin dúdú kan wà tí wọ́n ń pè ní Hẹ́tì. Òun ló ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì àwọn aṣòfin. Aṣòfin ńlá kan, onírùngbọ̀n gbọ̀ọ̀rọ̀, ní aago wúrà kan tí wọ́n ń tọ́jú sápò, àwòrán ẹyẹ kan wà lára ìdérí rẹ̀, apá kan ẹyẹ náà sì ti ya dànù. Lọ́jọ́ kan aago yìí di àwátì. Aṣòfin ní Hẹ́tì ló jí i nígbà tó wá kó aṣọ. Ó fọwọ́ lé Bíbélì ní kóòtù, ó ní láti ọjọ́ náà òun ò fojú kan aago òun mọ́. Wọ́n sọ Hẹ́tì sẹ́wọ̀n. Nígbà tó jáde, kò sẹ́ni tó gbé aṣọ fún un fọ̀ mọ́, gbogbo ìlú sì ń pè é ní Hẹ́tì Ọlọ́wọ́-Gígùn títí ó fi kú.

Aṣòfin ní tirẹ̀ gbó, ó darúgbó. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ fi òkúta gbẹ́ ẹ lórí àga sójú oórì rẹ̀. Mísítà Wọ́kà máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìyanu pé fọ́tò tí bàbá náà yà kẹ́yìn láyé ni ẹni tó gbẹ́ òkúta náà wò gbẹ́ ẹ, bọ́tìnnì kan ò yẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà ní itan, ó di nǹkan kékeré kan mú, ṣùgbọ́n ohun àwọ̀ ewé tó máa ń hù lára òkúta ti bò ó. Wọ́n ní Bíbélì kékeré ni.

Apá ibi tí wọ́n ń sin àwọn tálákà sí bẹ̀rẹ̀ níbi tí ti àwọn ọlọ́lá parí sí. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sin Hẹ́tì sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣòfin, lábẹ́ òkúta tí kò ga ju garawa lọ. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀, Mísítà Wọ́kà á ní kí gbogbo àlejò di àpò wọn mú. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀fẹ̀ tó máa ń dùn jù nínú ìrìnàjò náà nìyẹn.

Ó yẹ ká dé itẹ́ òkú náà kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wakọ̀ tó tún ń sọ̀tàn, ó máa ń ṣi ọ̀nà. Mo ṣì í lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí mo fi máa pa ẹ́ńjìnnì, ó ti di ọ̀sán gangan.

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nílé wa, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn òyìnbó ní òru ni òkú ń rìn. Ìyá mi ní irọ́ ni. Ó ní ìgbà tí oòrùn bá dúró sójú kan lókè orí, tí ojú ọjọ́ pa rọ́rọ́, tí adìyẹ pàápàá ń wá abẹ́ àká, ìgbà náà ni kí ọmọ ọlọ́mọ jókòó sílé. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo tún mọ bàlúù.

Mo ní kí àwọn àlejò mumi, kí wọ́n sinmi lábẹ́ igi lẹ́nu géètì, kí n kọ́kọ́ lọ wo ọ̀nà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kò mọ ibi tí ibojì kankan wà. Mo na ìwé Mísítà Wọ́kà síwájú bí ẹni ń wá ilé àna. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́. Ẹyẹ ò ké. Ìró ọkọ̀ tó ń kọjá lójú títì náà dákẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ọwọ́ di etí.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Obìnrin kan kúnlẹ̀ sídìí aṣòfin òkúta, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Ó wé gèlè funfun, ó so aṣọ iṣẹ́ mọ́dìí, garawa onígi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti fọ bàtà aṣòfin mọ́, ó ti fọ orúnkún rẹ̀, àyà rẹ̀ ń dán. Mo ní lọ́kàn mi pé àwọn tó ni itẹ́ òkú ló gba òṣìṣẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń gba àwọn tó ń gé koríko.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọmọ Yorùbá máa ń ṣe bó bá bá ẹni lẹ́nu iṣẹ́? Bó bá jẹ́ onídìrí, à á ní ojú gbooro o. Bó bá jẹ́ aláró, à á ní àrẹ̀dú o. Ẹni tí a ò bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ kò lè tàsé. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Yorùbá ló sì bọ́ lẹ́nu mi, torí oòrùn ti mú mi.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà."

Búrọ́ọ̀ṣì dúró. Kò wẹ̀yìn. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ tó ń sùn jí.

"Ta lẹ̀ ń kí?"

"Ẹ̀yin mà ni. Ta ló tún wà níbí?"

Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ garawa. "Mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú yìí tipẹ́," ó ní. "Ẹnì kan ò kí mi rí."

Ẹ má bi mí èdè tó sọ. Èmi ò sọ pé Yorùbá ni. Mo kàn mọ̀ pé n kò tú u kí n tó gbọ́ ọ.

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní irú ibi iṣẹ́ wo nìyẹn. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ọ̀nà Washington. Ó wá na búrọ́ọ̀ṣì sí itan aṣòfin. "Ó ku ọwọ́ rẹ̀. Èmi ò lè fọwọ́ kàn án níbẹ̀. Wọ́n ti ní mo mú nǹkan níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

Ìgbà yẹn ni mo tó wo ilẹ̀.

Òjìji mi wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó kúrú bíi fìlà. Òjìji aṣòfin wà lábẹ́ àga rẹ̀. Obìnrin yìí ò ní. Omi ń kán láti ara búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tótó, ilẹ̀ ibẹ̀ sì gbẹ táútáú. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ti hunjọ bí ọwọ́ ẹni tó ti wà nínú omi láti àárọ̀, bí kò bá jẹ́ láti ọgọ́rùn-ún ọdún.

Mo fẹ́ sá. Wọ́n ní àgbà kì í sáré lásán, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ṣùgbọ́n mo rò ó wò: bí àwọn àlejò mọ́kànlá bá rí dẹ́rẹ́bà wọn tó ń sáré jáde láàárín ibojì, tó ń ké Jésù, ṣé onífìlà pupa ò ní ṣàròyé? Délé á gba kọ́kọ́rọ́. Bùnmi á buwọ́ lùwé. Ó di Mọ́ńdè, ó di gúùdù jọ́ọ̀bù. Mo gbé òkú lé ọwọ́ kan, mo gbé bàlúù lé ọwọ́ kejì. Bàlúù wúwo jù. Mo dúró.

Mo ní, jẹ́jẹ́ bíi tirẹ̀, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ èyí tó kù."

Nígbà tí mo fi máa wolẹ̀ wòkè, n kò rí i mọ́. Ohùn àwọn àlejò ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi. Wọn ò dúró dè mí. Ìyá onífìlà àlùkò ló ṣáájú wọn, ó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà. Wọ́n yí wa ká, èmi àti aṣòfin.

Onífìlà pupa ti mọ ohun tó kàn. Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n di àpò mú, ọ̀dọ̀ olè la dé. Wọ́n fọwọ́ sápò lóòótọ́. Ìyá àgbà ò fọwọ́ kan àpò. Ó wo òkúta kékeré yẹn, ó sì tẹ orí ba, bí ọmọ tí wọ́n ń bá bàbá rẹ̀ wí lójú rẹ̀.

Ẹnu mi, tí kì í ṣàìrí nǹkan sọ, kò rí ẹ̀fẹ̀ náà sọ. Mo ní, "Ẹ má tíì di àpò mú."

Mo gba omi mímu lọ́wọ́ ẹnì kan, mo fa áńkáṣíìfù mi yọ, mo gun orí pèpéle òkúta yẹn pẹ̀lú orúnkún arúgbó mi. Mo dami sí ọwọ́ aṣòfin. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀. Ohun àwọ̀ ewé yẹn ń bọ́ bí èèpá. Àwọn kan ń sọ pé ó lòdì sófin, wọ́n lè mú wa. Mo ń fọ̀ lọ. Ìka rẹ̀ yọ. Ohun tó wà láàárín ìka yọ.

Kì í ṣe Bíbélì. Ó rí róbótó.

Mo tún dami sí i, mo fi èékánná ha á. Ẹyẹ kan yọ lára ìdérí rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹyẹ náà na apá kan sókè. Apá kejì ti ya dànù.

N kò ṣàlàyé. Èmi tí mo ń fi olè ṣe bíṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, n kò sọ nǹkan kan. Mo kúrò lójú ọ̀nà kí wọ́n rí i. Wọ́n ṣáà ti gbọ́ ìtàn nínú ọkọ̀: aago tó sọnù, tí baba yìí búra pé òun ò fojú kàn mọ́, fọ́tò tó yà kẹ́yìn láyé, tí bọ́tìnnì kan ò yẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti wà níta lójú oòrùn láti ọjọ́ yìí, abẹ́ ìdọ̀tí ló wà.

Onífìlà pupa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Aago náà nìyí." Ó sì yọ ọwọ́ lápò. Gbogbo wọn yọ ọwọ́ lápò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ iléèwé tí tíṣà wọlé bá.

Ìyá àgbà sún mọ́ ọn. Ó na ọwọ́, ó fi ìka kan ẹyẹ yẹn. Ó wá sọ fún wa, láìgbé ohùn sókè, pé ìyá tó bí ìyá-ìyá òun ni Hẹ́tì. Ó ní nílé àwọn, wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Ìtìjú ni wọ́n kà á sí. Ó ní òun ti pé ọgọ́rin ọdún, òun ní kí òun tó kú, kí òun wá wo ojú olè tó bí àwọn.

Ó yíjú sí mi. "Nígbà tí à ń bọ̀, mo gbọ́ tí ẹ ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ níbí. Kí lẹ sọ fún un?"

N kò lè purọ́ fún irú ojú bẹ́ẹ̀. Mo ní mo kí i ni. Ó ní báwo? Mo sọ ọ́ fún un, mo túmọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n tún un sọ, kó lè mú un. Mo tún un sọ.

Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níwájú òkúta tí kò ga ju garawa lọ. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Onífìlà pupa ṣí fìlà, ó sọ ọ́ tẹ̀ lé e. Ẹnì kejì sọ ọ́. Wọ́n ń pè é bó ṣe wù wọ́n, ẹlòmíràn ń pè é bí ẹni pé ó ń sín, ṣùgbọ́n gbogbo wọn sọ ọ́. Àlejò mọ́kànlá nínú ìlú Amẹ́ríkà, ní ọ̀sán gangan, wọ́n ń kí alágbàfọ̀ kú iṣẹ́. Ọjọ́ tí mo gbéyàwó, inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀, ẹ má sọ fún un o.

Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ tán, gbogbo wa gbọ́ ọ: gbì, bí ìgbà tí ẹni tó ti rẹ̀ bá gbé garawa sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Mo tún gbọ́ ìró ọkọ̀ lójú títì.

Kò sẹ́ni tó ṣàròyé. Kí a tó dé Hillcrest Heights, fóònù Délé ti ń dún, àwọn àlejò ń pè é láti yìn mí. Lọ́jọ́ kejì, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lójú àwọn ìyá ìjọ, tòun ti kóòtù díákónì rẹ̀. Bùnmi gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe lẹ́nu mi, torí ẹ̀ ni ó fi gbà á gbọ́. Fọ́ọ̀mù bàlúù ṣì wà nílé. Mo pa á po mẹ́rin, mo fi ti ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. Kò mì mọ́. Mísítà Wọ́kà náà rí ohùn rẹ̀. Ó lọ dúró níwájú aṣòfin fún ìgbà pípẹ́, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni di àpò mú mọ́. Bí a bá ti dé ọ̀dọ̀ Hẹ́tì báyìí, èmi ló ń gbé maikirofóònù fún.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, ǹ bá má sọ ọ́.

Inú ìdùnnú ọjọ́ yẹn, mo gbàgbé áńkáṣíìfù mi sórí itan aṣòfin. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè mo ṣílẹ̀kùn bọ́ọ̀sì láti gbá a. Áńkáṣíìfù wà lórí àga mi. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti fi sítáàṣì sí i, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n ká a ní mẹ́rin. Ó ń rùn bí ọṣẹ àti oòrùn. Èmi àti Délé nìkan la ní kọ́kọ́rọ́, Délé kì í sì í fọ tirẹ̀. Láti ìgbà náà, aṣọkáṣọ tí mo bá gbàgbé sínú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bá a. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì mi le débi pé Bùnmi ń yìn mí, ó ní ara mi ti ń yá sí i. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyẹn ò bà mí lẹ́rù. Èyí ló bà mí.

Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo wo ọwọ́ aṣòfin. Gbogbo àlejò ló yà á ní fọ́tò lọ́jọ́ tí mo fọ̀ ọ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ là, aago wà láàárín. Ẹ lè wò ó nínú fóònù Délé. Báyìí, ìka rẹ̀ ti padé. Kò padé tán. Ó ti bo ìrù ẹyẹ. Mísítà Wọ́kà ní òtútù àti ooru máa ń yí òkúta padà. Tíṣà ni, ó mọ̀wé jù mí lọ. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ti bo apá tó na sókè.

Sátidé tó kọjá, mo tún ṣi ọ̀nà, a sì tún dé ibẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Mo ṣíwájú àwọn àlejò, mo di ìgbálẹ̀ kékeré kan mú, mo fẹ́ gbá ojú oórì Hẹ́tì. Mo tẹ̀ba, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a. Ìró ọkọ̀ dákẹ́.

Ẹnì kan sọ̀rọ̀ lókè orí mi, láti ibi àga òkúta. Ohùn ọkùnrin ni, ohùn àgbà, ohùn ẹni tó ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn sọ̀rọ̀ rí, tí wọ́n sì gbà á gbọ́.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ẹnì kan ò kí mi kí n má dáhùn. Bàbá mi ìbá nà mí. Mo gbé ìgbálẹ̀ mi, mo wo ojú ẹsẹ̀ mi nìkan, mo rìn jáde, mo sì pa ẹnu mi dé, n kò dá a lóhùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi tó wà ní Lanham, ní Cheverly, ní ibi gbogbo tí iṣẹ́ gbé yín dé: ẹni tó bá ń fọ̀, ẹni tó bá ń gbá, ẹni tó bá ń ti àga aláìsàn, ẹ kí i. Ẹ ò mọ iye ọdún tó ti ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n kí ní ọ̀sán gangan, ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀, kẹ́ ẹ rí òjìji ẹni tó ń kí yín, kẹ́ ẹ tó la ẹnu.